Sí ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ onílé ní Sùúrùlérè, lórí àlejò tó gba yàrá lójijì

Ẹ̀yin bàbá àti màmá wa, ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò káàkiri Sùúrùlérè,

Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò o. Ẹ kú ìnáwó géètì, ẹ kú owó ọlọ́dẹ, ẹ kú gọ́tà tí ẹ ń kó kí òjò tó dé. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo wà lára àwọn tó ń gba àlejò sínú ilé wọn, àwọn àlejò tó ń sanwó sùn fún ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan. Inú ilé náà lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. Yàrá tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ ní ilé tiwọn la tún ṣe fún àlejò, owó rẹ̀ la sì fi ń gbọ́ bùkátà lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó gbé mi dé iwájú yín ni àbá tó ń lọ láti òpópónà kan sí òmíràn báyìí, pé kí onílé tó bá fẹ́ gba àlejò olówó máa fi tó ẹgbẹ́ létí ní ọjọ́ méjì ṣáájú, àti pé ẹni tó bá gba yàrá lónìí kò gbọdọ̀ wọlé lónìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ di òfin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí n sì sọ èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Mo mọ ohun tó bí àbá náà. Gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò wa ló mọ bó ṣe ń rí kí ọkọ̀ dúró sẹ́nu géètì nígbà tí agogo mọ́kànlá ti kọjá, kí awakọ̀ máa tẹ họ́ọ̀nù, kí èrò inú rẹ̀ má mọ nọ́ńbà ilé tó ń lọ, kí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ má sì gbé fóònù. Ọlọ́dẹ á dìde, ajá á máa gbó, ọmọ ìkókó ilé kejì á jí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnì kan ló gba yàrá, ogúnlọ́gọ̀ èèyàn ló sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ orin. Àwọn kan ń gba yàrá fún wákàtí méjì péré, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Ó ń bí mi nínú bó ṣe ń bí yín, torí orúkọ gbogbo wa ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́.

Àmọ́ ta ni òfin ọjọ́ méjì yẹn máa mú? Ìdí-Àràbà ò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn LUTH ti wà níbẹ̀ láti 1962, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti ìkọjá rẹ̀ ló ń gbé aláìsàn wá. Wọ́n á kúrò ní Ṣágámù tàbí Abẹ́òkúta láàárọ̀, wọ́n á rò pé àwọn á padà sílé lọ́jọ́ kan náà, dókítà á ní kí wọ́n dá aláìsàn dúró. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìyá àgbà tó bá aláìsàn wá ń mọ̀ pé òun ò ní lè lọ sílé lónìí, pé lórí bẹ́ǹṣì lòun máa sùn bí kò bá sí ẹni tó máa gba òun. Kò sí ẹni tí àìsàn ń fún ní ìwé ọjọ́ méjì.

Àwọn mìíràn ń lọ gba fíísà ní Erékùṣù Victoria láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tó bá gbéra láti Ìbàdàn lóru láti lọ bá ìpàdé àárọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ́tẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń wá sùn sí Èkó mọ́jú. Láti ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, ibùdókọ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́bàá gbọ̀ngàn ìṣeré ní Ìgànmú ti mú kí ọ̀pọ̀ àlejò rí i pé ọ̀dọ̀ wa sún mọ́ Erékùṣù ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn òbí ń mú ọmọ wá ṣe ìdánwò ní Yunifásítì Èkó ní Akọka. Ọkọ̀ òfurufú tó yẹ kó gbéra ní Ìkẹjà nírọ̀lẹ́ á di ti ọ̀la. Nígbà mìíràn, ará àdúgbò wa gan-an ni, tí òjò wọ yàrá rẹ̀ tàbí tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí iná sì ti lọ láti àná. Àwọn yìí ni mo máa ń rí. Ìdààmú ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ sì jẹ́ kí n rán ara wa létí bí Sùúrùlérè ṣe kún. Nígbà tí LEDB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n kó wá sórí ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò fẹ́ wá, ìlú sọ pé kí wọ́n kó, wọ́n sì kó. Ọmọ àwọn tó gbé ẹrù dé lásìkò yẹn ni àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ lónìí. Ẹ mọ̀ ju mi lọ bó ṣe ń rí fún ẹni tó dé ibi tí kò mọ̀ lálẹ́, tí kò mọ ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn.

Ó tún kù síbì kan. Ọjọ́ méjì yẹn ò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe pátì tó máa da àdúgbò rú ti ń wá ilé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti fi ìkésíni ránṣẹ́, ó ti sanwó fún DJ. Ẹni tó fẹ́ fi ilé onílé ṣe jìbìtì kì í kánjú. Irú wọn máa kọ orúkọ sínú ìwé yín ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, wọ́n á wọlé ní ọ̀sán gangan, ẹ ò sì ní rí ohun tí ẹ máa fi mú wọn. Ìyá tó ń ti LUTH bọ̀ lẹ máa dá padà.

Ohun tó ń dáàbò bo àdúgbò ni pé kí ẹnì kan wà nínú ilé tó mọ ẹni tó wọlé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Ilé tí onílé ń sùn sí pẹ̀lú àlejò rẹ̀ yàtọ̀ sí fúláàtì tí ẹnì kan yá lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù, tó kó àga àti tẹlifíṣọ̀n sí, tó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó sì ń gbé ní ìlú mìíràn. Àlejò á gba nọ́ńbà lórí fóònù, á ṣí àpótí, á mú kọ́kọ́rọ́, á wọlé. Kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀. Bí ogún èèyàn bá tẹ̀ lé e, ta ló máa sọ pé ó tó? Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ bá ẹni tó nilé wí, fóònù rẹ̀ ò ní wọlé.

Fún irú ilé yẹn, òfin ti wà. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kan Sùúrùlérè. Ìkòyí, Erékùṣù Victoria, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni wọ́n yọ sílẹ̀. Òfin náà sọ pé ayálégbé ò gbọdọ̀ tún ilé tó yá yá ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù. Ẹ lò ó. Ẹ béèrè ìwé ìyọ̀ǹda náà lọ́wọ́ ayálégbé yòówù tó ń gba àlejò olówó. Ẹni tí kò bá rí i mú wá, kó dáwọ́ dúró. Mo gbà gbọ́ pé ìdajì ariwo tí ẹ ń gbọ́ lóru máa dópin níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ ti géètì mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti àwa tó ń sùn sínú ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, kí ẹ lè rí i pé ó ṣeé kọ sílẹ̀ bí òfin.

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ń ti ìwé ọjọ́ náà. Ẹni tó bá béèrè yàrá lẹ́yìn agogo mẹ́fà, ó di ọ̀la. Kò le láti ṣe. Lórí Airbnb, áàpù tí àlejò fi ń wá yàrá lọ́dọ̀ wa, onílé ló ń yan wákàtí tí àlejò ò ti ní lè gba yàrá ọjọ́ náà mọ́. Ó sì lè yàn bóyá kí àlejò tẹ bọ́tìnì kí yàrá di tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tàbí kó kọ́kọ́ béèrè kí onílé yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ìbéèrè lèmi ń lò. Wákàtí 24 ni wọ́n fún onílé láti fèsì, àmọ́ ẹni tó ń wá ibi tó máa sùn sí lálẹ́ yìí ò lè dúró títí di ọ̀la. Bí mo bá máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ń sọ ọ́ kíákíá. Bó bá jẹ́ rárá ni, mo ń tètè sọ ọ́ kílẹ̀ tó ṣú, kó lè wá ibòmíràn. Kí èèyàn dákẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ burú ju kó sọ rárá lọ.

Màmá tó ń bá wa tún ilé ṣe ló fa agogo mẹ́fà yẹn. Ọ̀nà Ìpájà ni wọ́n ń gbé. Bí wọn ò bá kúrò lọ́dọ̀ wa ní agogo mẹ́rin, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Oṣòdì ni ilẹ̀ máa ṣú bá wọn. Ọ̀sán ni àlejò àná ń kúrò. Bí a bá tún yàrá rẹ̀ ṣe tán kí màmá tó lọ, ó ṣeé gbà lálẹ́ yẹn. Bí a ò bá tún un ṣe tán, yàrá yẹn ti parí fún ọjọ́ náà, iye yòówù tí ẹnikẹ́ni ì bá fẹ́ san. Mo mọ àwọn onílé tó ń pe irú màmá bẹ́ẹ̀ padà ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n wá pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé àlejò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó. Ìwà ìkà ni. Bí ẹ bá ń kọ òfin, ẹ fi ti àwọn màmá wọ̀nyí sí i. Orí wọn ni gbogbo ìkánjú yìí ń já sí, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n sí ìpàdé.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni yàrá kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan lórí okùn. Nínú oṣù Òkúdù àti Agẹmọ tí òjò kì í fẹ́ dá, èyí tó wà lórí okùn lè má gbẹ lọ́jọ́ méjì, a sì ní láti fi ìyẹn sínú ìṣirò ká tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa bọ̀.

Ti iná ló le jù. Láti oṣù Igbe ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Báńdì A sókè, pé kí àwọn tó wà níbẹ̀ máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, a ti wá mọ̀ pé òpópónà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lè má wà ní báńdì kan náà. Ẹni tó ń gba yàrá láti òkèèrè kò mọ ìyẹn, á kàn rí i pé Sùúrùlérè ni. Nítorí náà, kí n tó gba àlejò ọjọ́ kan náà, bàbá àwọn ọmọ mi máa ń wo bátìrì ínfátà àti omi táǹkì. Bí bátìrì ò bá kún tó, tí NEPA ò sì sí, a kì í gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ ní agogo méjì òru sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yín. Yàtọ̀ sí ariwo, èéfín jẹnẹrétọ̀ ní májèlé kan tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn lójú oorun bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà sẹ́bàá fèrèsé. Ìkánjú àlejò òru ló sábà máa ń jẹ́ kí àwọn kan gbé e síbi tí kò yẹ. Owó epo bẹntiróòlù sì ti ju ìlọ́po méjì lọ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lóṣù Èbìbí 2023, nítorí náà ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí àlejò kan, ó ṣeé ṣe kí owó àlejò náà má tó epo tó jó.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ owó, mo sì fẹ́ kí ẹ fiyè sí i gan-an. Àlejò tó pe onílé lálẹ́ máa ń ná ọjà. Á ní yàrá yẹn máa ṣófo náà ni, kí ẹ gba ìdajì. Ọ̀pọ̀ onílé ń gbà, torí wọ́n rò pé díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Àwọn àgbà sọ pé lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Mo ti wò ó dáadáa: owó tí wọ́n bá dín lálẹ́ gan-an ló ń pe irú èrò tí ẹ ń bẹ̀rù wá, àwọn oníwákàtí méjì àti àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n ti máa mu sìgá tí ilé wọn ò gbà wọ́n láyè. Ẹni tó ní ìdààmú gidi kì í sábà torí ẹgbẹ̀rún méjì náírà jà. Ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa àti omi tó ń yọ ló ń béèrè. Nítorí náà, iye tí yàrá wa jẹ́ láàárọ̀ náà ló jẹ́ nírọ̀lẹ́. Bí gbogbo wa bá fẹnu kò lórí èyí, ẹ ò ní nílò ọlọ́dẹ láti dá oníwákàtí méjì padà, fúnra wọn ni wọn ò ní wá mọ́.

Owó náà kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tó bá ní kí a jọ ṣe é níta áàpù, kí òun fi tíránsífà ránṣẹ́ kí n má yọ orúkọ òun síbì kankan, mi ò bá a ṣe. Àlẹ́ẹ̀tì èké pọ̀ nígboro, lálẹ́ tí ẹ̀rọ báńkì ń fà ni wọ́n sì fẹ́ràn láti lò ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹni tó gba áàpù wọlé wà níbì kan.

Ó wá ku géètì, tí í ṣe tiyín.

Àlejò kì í rí àdírẹ́sì ilé gan-an títí a ó fi gbà á. Ẹni tó gba yàrá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ní àyè láti béèrè ọ̀nà. Ẹni tó gbà á ní agogo márùn-ún tó sì ń bọ̀ ní agogo mẹ́jọ kò ní in. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí káàkiri Lawanson àti Máṣà, tí wọ́n ń tẹ họ́ọ̀nù sí géètì tí kì í ṣe tiwọn. Bí mo bá ti gba ẹnì kan tán, mo máa ń fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì: ibùdókọ̀ tó máa sọ̀kalẹ̀ sí, ọ̀nà tó máa yà, géètì wo ló máa bá ní títì àti èyí tó máa bá ní ṣíṣí. Mo ń béèrè orúkọ rẹ̀, iye èèyàn tó ń bá a bọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé e àti àsìkò tó rò pé òun máa dé. Lẹ́yìn náà ni mo máa pe bàbá ọlọ́dẹ lórí fóònù, màá sọ orúkọ náà fún wọn, wọ́n á pè é padà fún mi kó lè dá mi lójú. Bí àlejò bá ti dé Òjúẹlẹ́gba, ó ń pè mí. Èmi tàbí bàbá àwọn ọmọ mi la máa ń rìn lọ sẹ́nu géètì fúnra wa. A kì í sọ fún ọlọ́dẹ pé ẹ jẹ́ kó wọlé, mò ń bọ̀. Ẹni tí kò lè rìn dé géètì láti gba àlejò rẹ̀, kò yẹ kó gbà á.

Ẹ wá wo ẹni tó gba yàrá ní agogo mẹ́rin, tí ọkọ̀ rẹ̀ wá há sí Ìbàfò lójú ọ̀nà Ìbàdàn, tó dé ní agogo mọ́kànlá àbọ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ sọ pé kí wọ́n dá a padà. Níbo ni ẹ fẹ́ kó lọ? Abẹ́ afárá Òjúẹlẹ́gba? Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ńkọ́, tòun ti báàgì, tí fóònù rẹ̀ ń kú lọ? Onílé náà á tún san owó ìtanràn, torí ní Airbnb, onílé tó bá fagi lé àlejò nígbà tó ku wákàtí 48 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ìdajì owó náà. Ìyẹn kéré lójú mi sí ọmọ tí a tì mọ́ta. Bí onílé bá wà lẹ́nu géètì, tí orúkọ sì ti wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ẹ jẹ́ kó wọlé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dá dúró lónìí, kódà bí ẹ ò bá gba ìyókù. Ní àwọn géètì kan, wọ́n ń ní kí àlejò fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà tàbí nọ́ńbà NIN rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lè ṣí. Nọ́ńbà NIN yẹn tó fún ọ̀bàyéjẹ́ láti fi ṣe ohun tó pọ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ẹni tó bá gba ìsọfúnni ẹlòmíràn ló jíhìn fún un. Orúkọ àlejò, ilé tó ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀ àti àsìkò tó wọlé ti tó ìwé ẹnu géètì. Kí onílé tọ́jú ìyókù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó sì lè mú un jáde fún ọlọ́pàá bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀. Nínú yàrá àlejò wa, nọ́ńbà 112 àti 767 tí ìjọba Èkó ń lò fún pàjáwìrì wà lára ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà tèmi àti ti bàbá ọlọ́dẹ.

Kí n tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibi tí owó àlejò náà ń lọ. Mi ò ní ilé oúnjẹ. Ẹni tó bá dé lálẹ́, búrẹ́dì, ẹyin àti tíì ló máa bá, tàbí gaàrí bó bá fẹ́. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àkàrà àti ògì tó ń jẹ, ọ̀dọ̀ màmá tó wà ní ìkóríta la ti ń rà á. Alágbàfọ̀ wa, oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn lọ sí Ìdí-Àràbà, ọmọ tó ń ta káàdì fóònù, gbogbo wọn ló mọ ọjọ́ tí àlejò wà nílé wa.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ fi wákàtí rọ́pò ọjọ́: agogo mẹ́fà fún ìgbà tí a lè gba àlejò òní, ẹni tí a bá gbà ṣáájú ìgbà náà sì lè wọlé, bó tilẹ̀ pẹ́ lọ́nà, bí onílé bá ti jáde wá pàdé rẹ̀. Ẹ ní ìwé kan tí àwọn ilé tó ń gba àlejò máa forúkọ sílẹ̀ sí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ń sùn sínú ilé kọ̀ọ̀kan sí i. Bí ariwo bá ṣẹlẹ̀, onílé ni kí ẹ mú, ẹ má mú àlejò lẹ́nu géètì. Ẹ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá tún un ṣe, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé. Mo sì gbà pé kí àwa tó ń gba àlejò máa san owó ọlọ́dẹ tó ju ti ìyókù lọ, torí àwa là ń jí wọn lóru. Kò yẹ kí bàbá tí àlejò rẹ̀ kì í wá ju ọdún Iléyá lọ máa san iye kan náà pẹ̀lú mi.

Kí ẹ tó dìbò lórí àbá ọjọ́ méjì yẹn, ẹ pe àwa tí ọ̀rọ̀ kàn wá sí ìpàdé kan. Ẹ pe bàbá ọlọ́dẹ pẹ̀lú, kí ẹ fún wọn ní àga, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń rí, torí nínú gbogbo wa àwọn ló mọ ẹni tó ń kan géètì jù. Bí ẹ ò bá rí ibi tí ẹ máa jókòó sí, pálọ̀ wa gba ogún èèyàn. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn agogo mẹ́rin dáa fún wa, ọjọ́ mìíràn tí ẹ bá yàn náà dáa. Màá ti kọ àwọn ìlànà tí à ń lò sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí akọ̀wé lè pín in fún yín kí ẹ tó wá.

Èmi ni ọmọ yín, 
Ìyá kan tó ń gba àlejò ní Sùúrùlérè